Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi: èmi àti Bàbá Ìbejì lórí pápá gọ́ọ̀fù

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo sì kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàáfíà ni èmi àti ìdílé mi wà níbí, mo sì gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin náà nínú ìlera. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọmọ yín ọkùnrin, pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù, tí ẹ sì ní kí n má fi ohunkóhun bò fún yín, kí n sọ bóyá eré tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ fi àkókò rẹ̀ sí ni, tàbí eré àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Ẹ tún béèrè ohun tí èmi àti Bàbá Ìbejì ń rí nínú rẹ̀ tí a fi ń jí dé orí pápá ní òpin ọ̀sẹ̀, tí a kì í sì í tètè padà sílé. Ìbéèrè kejì yìí ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí bí ó bá yé yín, ti àkọ́kọ́ yóò rọrùn.

Bàbá Ìbejì tí ẹ mọ̀ náà ni, ẹni tí ó máa ń bá mi wá sílé nígbà tí a jọ wà nílé ẹ̀kọ́, tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń ràn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbí yàtọ̀ sí tèmi, ibi tí ó ń gbé sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi, débi pé bí kò bá sí gọ́ọ̀fù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibi ayẹyẹ nìkan ni a ó ti máa rí ara wa, níbi tí ariwo kì í jẹ́ kí ènìyàn méjì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ gidi kan.

Bí ẹ bá rí wa ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n ń fa kẹ̀kẹ́ àpò ọ̀pá wọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń rìn lọ nínú ìrì. Ihò 18 ni a ó gbá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, a ó gbé bọ́ọ̀lù ka orí tíì, igi kékeré tí a gún mọ́lẹ̀, a ó sì gbá a lọ sí ọ̀nà gíríìnì, níbi tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀ ṣáṣá, tí ihò àti àsíá rẹ̀ wà. Ihò náà kò fẹ̀ ju mìlímítà 108 lọ, ó sì lè jìnnà ju 400 mítà lọ sí ibi tí a dúró sí. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 42.67 ní ìbú. Ẹni tí gbígbá rẹ̀ bá kéré jù kí bọ́ọ̀lù tó wọlé ni ó jẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan ṣòro láti gbá ju èyí tí ń sáré bọ̀ lọ. Èyí tí ń bọ̀ kò fún ọ láyè láti rò ó. Èyí tí ó jókòó ń fún ọ láyè, inú ìrònú yẹn sì ni apá ti ń le, tí ọwọ́ ń di ọ̀pá mú jù, tí ojú ń sáré lọ wo ibi tí bọ́ọ̀lù yóò dé kí ọ̀pá tó kàn án.

Ọmọ yín lè bi yín léèrè ìdí tí ihò fi jẹ́ 18. Ní St Andrews ní ilẹ̀ Scotland, 22 ni wọ́n ń gbá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1764 wọ́n pa àwọn kan pọ̀ mọ́ ara wọn, ó ku 18, àwọn pápá yòókù sì tẹ̀ lé wọn nígbẹ̀yìn.

Láti ihò kìn-ín-ní títí dé èyí tí ó kẹ́yìn, a ó ti rin nǹkan bíi kìlómítà 8 sí 10, ó sì lè gbà wá ní wákàtí 4. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ṣírò gbogbo ìgbà tí ọ̀pá wa ń fì nínú wákàtí 4 yẹn, kò lè tó ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyókù, ìrìn ni, ọ̀rọ̀ ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kì í lè sọ jáde bí ẹnìkejì bá jókòó kọjú sí i, ó máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ ń rìn, tí ojú wọn wà níwájú, tí bọ́ọ̀lù sì wà níbì kan tí wọn yóò dé láìpẹ́, tí yóò dá ọ̀rọ̀ náà dúró fún wọn bí ó bá ti wúwo jù. Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Láàárín ihò kẹfà sí ìkeje ni Bàbá Ìbejì sọ fún mi pé ojú ọ̀tún òun ti ń ṣe bàìbàì, pé àwọn dókítà sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò béèrè ìdí tí ó fi pa á mọ́. Mo béèrè ibi tí ó ń rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé, ó ní bí ó bá ti gòkè, òun kò rí i mọ́.

Láti ihò keje lọ ni mo ti ń bá a wo bọ́ọ̀lù rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn bí ẹni tí kò gbá a rí ṣe lè rò. Bọ́ọ̀lù funfun nínú òfuurufú funfun máa ń sọnù lójú ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ pàápàá, ohun tí ó sì yẹ kí ènìyàn ṣe ni pé kí ó yan nǹkan kan tí kì í ṣí nípò, igi tàbí òkúta, tí ó bá ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí mu, kí ó má sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 péré ni òfin fún wa láti wá bọ́ọ̀lù tí a kò rí. 5 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní ọdún 2019. Bí ìṣẹ́jú náà bá pé, bọ́ọ̀lù ti sọnù nìyẹn, ẹni tí ó ni ín yóò padà síbi tí ó ti gbá a, yóò sì san ìtanràn lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bá ọ wo bọ́ọ̀lù ń ṣe ọ́ ní oore ńlá. A jọ ń díje o, a sì ń fẹ́ borí ara wa pẹ̀lú gbogbo ọkàn. Kò sí èyí tí ó dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ ó máa rò ó pé báwo ni ẹni méjì tí ọwọ́ wọn kò dọ́gba ṣe lè bára wọn díje tí kò ní sú ọ̀kan nínú wọn. Bàbá Ìbejì mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti yanjú láàárín wa. Hándíkáàpù, iye gbígbá tí a ń yọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá tó ẹnìkejì, ni ó ń mú wa dọ́gba. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí àbúrò kọ́kọ́ ṣísẹ̀ nínú eré ìje ni ẹ ṣe lè rò ó, àmọ́ kì í ṣe ojú àánú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ní ọdún 2020, USGA àti The R&A, àwọn àjọ méjì tí wọ́n ń ṣe òfin eré yìí, sọ ọ̀nà ìṣirò 6 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó wà káàkiri àgbáyé di ọ̀kan ṣoṣo. Nínú èsì 20 tí ènìyàn gbá kẹ́yìn, wọn yóò mú 8 tí ó dára jù, wọn yóò fi bí pápá kọ̀ọ̀kan ṣe le tó tún un wò, wọn yóò sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Iye tí ó ga jù tí ènìyàn lè ní ni 54, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Tèmi jẹ́ 17, tirẹ̀ jẹ́ 9. Nítorí náà, lórí ihò 8 tí káàdì pápá kọ sílẹ̀ pé ó le jù, gbígbá kan, tí àwa ń pè ní sítírókù, ni ó ń yọ kúrò nínú tèmi kí a tó fi wéra.

Mi ò mọ eré mìíràn tí ó rí báyìí. Bí ènìyàn bá lọ bá ọ̀gá nínú eré tẹníìsì, ọ̀gá yóò lù ú ní àlùbami, tàbí kí ó máa dẹwọ́ fún un, èyí tí ó tún burú jù. Níhìn-ín, Bàbá Ìbejì ń gbá a bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, èmi náà ń gbá a bí agbára mi ṣe mọ, ìdíje náà sì gbóná títí dé òpin. Bí ẹ̀yin pàápàá bá mú ọ̀pá lọ́la, ìṣirò yìí kan náà yóò jẹ́ kí ẹ lè bá wa díje, a kò sì ní ṣe bí ẹni pé a kò lè gbá a dáadáa.

Ọ̀nà tí a fi ń díje ni ihò sí ihò: ẹni tí ó bá jẹ ihò kan jẹ́ ẹ nìyẹn, ti àtẹ̀yìnwá kò kan ti iwájú. Ní Sátidé yẹn, Bàbá Ìbejì jẹ mí ní ihò méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, mo gba ọ̀kan padà, a sì ń fà á lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ihò kẹrìnlá, ó fi ihò kan ṣíwájú mi. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yà sí ọ̀tún, mo rí i tí ó bọ́ sí ìdí igi kejì, mo sì tọ́ ọ lọ síbẹ̀ tààrà. Ó wà láàárín ewé gbígbẹ, ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fara tì í. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ síbi bọ́ọ̀lù tèmi ní apá kejì, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ó yí o! Mo fọwọ́ kan igi, ó sì yí.”

Mo padà lọ wò ó. Kò yí ju ìbú ìka kan lọ. Òfin ni pé ẹni tí ó bá mú ewé tàbí igi gbígbẹ kúrò lẹ́bàá bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù sì tipa bẹ́ẹ̀ yí, tí kò bá ti jẹ́ orí gíríìnì tàbí ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò, yóò dá a padà sí ààyè rẹ̀, yóò sì san ìtanràn sítírókù kan. Ó dá a padà, ó rọra tẹ́ ẹ sí ibi tí ó wà gan-an, ó wo ọ̀pá rẹ̀, ó sì gbá a jáde. Ìtanràn yẹn ni ó mú kí n jẹ ihò náà, èyí tí ìbá jẹ́ ọ̀mì, òun náà ni ó sì sọ wá di ọgbọọgba. Kò sọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò yìn ín, nítorí láàárín wa, ohun tí à ń retí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí eré yìí ti wọ̀ mí lára jù nìyí. Láti ọdún 1744 tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ní Leith, nítòsí Edinburgh, ti kọ òfin 13 sílẹ̀ fún ìdíje wọn, èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn tí a mọ̀, òfin náà ti pọ̀ sí i, ó sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ní ti àwa tí à ń gbá a ní òpin ọ̀sẹ̀, kò sí adájọ́ kankan tí ó ń tẹ̀ lé wa kiri. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni yóò pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́, tí yóò sì dá a fún ara rẹ̀. Àwọn àgbà eré náà pàápàá ti fi hàn. Bobby Jones ará Amẹ́ríkà, ẹni tí kò fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń díje, tí ó sì jẹ ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin tí ó ga jù láyé ìgbà náà ní ọdún 1930 nìkan, wà nínú U.S. Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 1925 ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nígbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì nínú koríko gígùn bí ó ti ń múra láti gbá a. Kò sí ẹlòmíràn tí ó rí i. Ó fi sítírókù kan lé tirẹ̀. Nígbà tí ìdíje parí, iye tirẹ̀ àti ti Willie Macfarlane dọ́gba. Wọ́n tún un gbá, Macfarlane sì borí. Sítírókù kan yẹn ni ìbá fún Jones ní ife náà láìsí àtúngbá. Mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá Ìbejì bí a ṣe ń lọ sí ihò kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó sì jẹ mí ní ihò náà.

A ta ọ̀mì ní ìkẹrìndínlógún. Ní ìkẹtàdínlógún, bọ́ọ̀lù mi dúró ní nǹkan bíi ìṣísẹ̀ kan péré sí ihò. Bí mo bá fi pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì, gbá a wọlé, a ó ta ọ̀mì níbẹ̀ náà, a ó sì gbá èyí tí ó kẹ́yìn pẹ̀lú ìrètí. Nínú ìdíje ihò sí ihò, ẹni tí à ń bá díje lè sọ pé kí a gbé bọ́ọ̀lù wa, pé òun gbà pé yóò wọlé. Ìtàn kan wà tí gbogbo agbágọ́ọ̀fù mọ̀ nípa èyí. Ní Royal Birkdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1969, ìdíje Ryder Cup láàárín ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtéènì dọ́gba títí dé ihò tí ó kẹ́yìn nínú eré tí ó kẹ́yìn, ó wá ku Tony Jacklin pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kúkúrú kan láti gbá. Jack Nicklaus ará Amẹ́ríkà, tí ó ti gbá tirẹ̀ wọlé, gbé àmì bọ́ọ̀lù Jacklin nílẹ̀ fún un. Ìdíje náà di 16 sí 16, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn Ryder Cup.

Bàbá Ìbejì kò gbé tèmi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá, ó dákẹ́, ó yí òjìji rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù mi. Mo gbá a, ó kan etí ihò, ó yípo, ó sì dúró síta. Ó na ọwọ́ sí mi, a bọ ara wa lọ́wọ́, ó ti borí nìyẹn, ó fi ihò méjì ṣíwájú nígbà tí ó ku ẹyọ kan. Inú mi kò dùn pé mo pàdánù rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó jẹ́ kí n gbá a. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ kan tí wọn a máa dárí bọ́ọ̀lù kúkúrú ji ara wọn láti òwúrọ̀ títí dé òpin, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ bí òun ṣe gbá a tó. Ohun tí Nicklaus ṣe wúwo nítorí pé kò rọrùn láti ṣe, gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó ń wò ó. Láàárín ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ wà láti kékeré, mo gbà pé kí a jẹ́ kí ẹnìkejì parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tí ó ga jù.

A gbá ihò kejìdínlógún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje ti parí. Níbẹ̀ ni ó ti ní kí n bá òun lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo sì ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Nípa ti ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá 14 kí ó tó lè gbá a. 14 ni òfin ní kí ó má kọjá, kò sọ pé kí ó má dín. Pọ́tà kan àti ọ̀pá onírin kan tó o fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kí ó tó lọ sórí pápá, nítorí ọ̀nà tí a kọ́kọ́ gbà di ọ̀pá mú ni ó ṣòro láti yí padà jù lọ. Kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù tí ń lọ jìnnà bí gbogbo ọ̀dọ́ ṣe ń fẹ́. Ẹ̀bá ihò ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó gbá a láti ìṣísẹ̀ kan títí tí yóò fi máa wọlé láìtàsé, kí ó sún sẹ́yìn sí méjì, lẹ́yìn náà kí ó jáde kúrò lórí gíríìnì, kí ó máa jìnnà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù kúkúrú gbá kì í bẹ̀rù èyí tí ó gùn, nítorí ó mọ̀ pé òun lè tún un ṣe nígbà tí òun bá dé iwájú.

Kí ó tún mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù òun bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kí ó kígbe “fọ́ọ̀!” lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, kí ó má tijú, torí bọ́ọ̀lù náà le, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi. Kí ó fi ráàkì, ohun èlò eléyín tí a fi ń tẹ́ iyanrìn, tún kòtò iyanrìn ṣe bí ó bá ti jáde níbẹ̀, kí ó sì dá koríko tí ọ̀pá rẹ̀ bá hú padà sí ààyè rẹ̀. Bí ó bá ní ọ̀rẹ́ kan tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tí ó bá ti fi pọ́tà gbá a fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó kọ̀wé sí mi tààrà, kí ó sọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù máa ń yà sí bí kò bá wọlé, ọ̀tún ni tàbí òsì, àti bóyá ó máa ń kọjá ihò tàbí kí ó má dé ibẹ̀. N ó fi hàn Bàbá Ìbejì, a ó sì jọ dá a lóhùn.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.